Okùn Tí A Fi Wọn Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ lọ wá pákó ní Ìkòròdú tí ẹ kò padà,

Mo kí yín o. Èmi ọmọ yín ni, èyí tí ẹ máa ń sọ pé bí ó bá rí èèrà kan lójú ọ̀nà, yóò délé wí pé erin mẹ́rin ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú ìwé yìí, mi ò ní bù mọ́ ọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tàdáwà ìkọ̀wé tó kù nínú igbá kékeré yín ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì ti fi omi là á títí tó fi rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ẹ̀yin lẹ fi lẹ́tà kéú kọ́ mi láti kọ èdè wa, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń bèèrè pé kí ni ọmọbìnrin tó ń ta edé fẹ́ fi kálámù ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí: ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá wa ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bí omi ọ̀sà ṣe máa ń wọ balùwẹ̀ wa ní ìgbà òjò. Èyí tó wọlé kẹ́yìn kí ẹ tó lọ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja àrọ̀ kan fi lúwẹ̀ẹ́ wọlé, tó dúró sí igun, tó ń wo ìyá mi bí ẹni pé òun ló ni ilé. Omi náà ló jẹ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó tí ẹ kàn fún Ìyá Àgbà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kàn án? Orúnkún ìyá yín kò tẹ̀ mọ́, wọn kò lè lóṣòó bíi ti gbogbo èèyàn, ẹ wá dá ihò sí àárín pákó, ẹ gbé e ka orí ìkòkò tí ẹ lu ìdí rẹ̀, ìkòkò náà sì kọjú sínú kòtò. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló wá wò ó. Ó dára, èèyàn mẹ́fà ló wá wò ó, ṣùgbọ́n ariwo wọn tó ti gbogbo Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní àwọn ará Èkó tó bá ọba sá wá síbí ti gbé ìtẹ́ wọn dání, inú ṣáláńgá ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí.

Ẹ ní kí òjò mìíràn tó dé, ẹ ó gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga, ẹ ó sì to àpótí tuntun sórí rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín agégi ní Ìkòròdú, torí pákó dáadáa wà nínú igbó Ìgbògbò. Ẹ tilẹ̀ ní kí n bá yín tọ́jú orí ẹja, pé ẹ kò ní pẹ́ dé.

Mo tọ́jú orí ẹja náà títí tó fi di ohun tí ológbò pàápàá ń sá fún. Ìròyìn ló dé, ẹ̀yin kọ́. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n ní wọ́n ti sin yín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe wí. A kò rí ojú yín, a kò da yẹ̀pẹ̀ kankan sí yín lára. Bàbá mi, irú ibà wo ló ń pa ẹni tó lè fi orí ru ọkọ̀ láti etí omi dé ilé? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kú? Àbúrò yín. Ta ló sọ pé ibà ni? Àbúrò yín. Ilé ta lẹ sùn sí? Ilé àbúrò yín. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, òun náà ni onílé, òun náà ló gbẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ èmi, ṣé ẹ ò ní fura?

Ìyá mi ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn kò tíì jáde pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ kan fi gúnlẹ̀ sí etí omi wa, ó rì wọnú omi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ló ń mí. Pákó wà nínú rẹ̀, yangí wà nínú rẹ̀, ìkarahun ìṣáwùrú wà nínú rẹ̀ bí òkè, ìkòkò ńlá kan sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Àbúrò yín ló ń tù ú. Ó wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó ní òun wá gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ẹbí wá sọ fún ìyá mi pé ó fẹ́ ṣú wọn lópó.

Ìyá mi ní kó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tó ní òun wá ṣe ná. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìn ilé níbi tí a ti ń yan ẹja.

"Ìwọ ni mo ní," ni wọ́n wí. "Ojú ẹ mú ju tèmi lọ. Máa wò ó. Tó bá parí iṣẹ́, sọ bí ọkàn ẹ ṣe rí fún mi. Bí ọkàn ẹ kò bá balẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ."

"Tẹ́ ò bá fẹ́ ẹ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi lókè Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ilé ẹbí nilé yìí."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Wọ́n yí ẹja tó wà lórí iná. Èmi náà mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, áḿbọ̀sìbọ́sí òkè Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ wá di pé ẹnu mi ni yóò sọ ibi tí gbogbo wa máa sùn.

Ẹ má bínú pé mo ń pe àbúrò yín ní "ó". Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí, etí mi ì bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá ń fura sí, ẹnu mi kì í gbà láti pè é ní "wọ́n".

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ṣọ́ ọ débi pé òjìji rẹ̀ pàápàá mọ̀ mí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ẹ kí i, á mi orí. Ẹ bú u, á mi orí. Ẹni tí kò bá ya ẹnu, kí ló fi pamọ́ sínú rẹ̀? Ohun kejì: lẹ́yìn tó bá ti kírun àsùbáà, á lọ dúró sínú balùwẹ̀ wa, á kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, á na ọwọ́ méjèèjì, á wá fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀. Mo ní háà, ó ti dé, oògùn ni. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní ṣebí ó ń wo ibi tí a ń kọjú sí kírun ni, kí àpótí má baà dojú kọ ibẹ̀, pé ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tiyín. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà tán.

Ohun kẹta ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀sán ni, lẹ́yìn ìrun àìlà, Ìyá Àgbà ń sùn lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ẹsẹ̀ wọn nà síta. Mo wà lẹ́yìn ìkòkò àmù, mo ń bu omi mu díẹ̀díẹ̀ kó lè pẹ́. Ó wọlé wá, ó ń yọ́ rìn bí ológbò tó fẹ́ jí edé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ṣí fìlà, ó yọ okùn ìko kan nínú rẹ̀, kókó méjì wà lára okùn náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na okùn náà sí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, kókó kejì sì bọ́ sí orúnkún wọn gẹ́lẹ́. Ó mi orí. Ó ká okùn, ó dá a padà sínú fìlà, ó sì jáde.

Bàbá mi, omi tí mo ń mu gba imú mi jáde.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi okùn wọn ọmọ aládùúgbò wa nínú eré? Ìyá Àgbà yìí gan-an ló da omi tútù sí ọmọ náà lórí, tí wọ́n sì lé mi yí agbo ilé ká nígbà tí orúnkún wọn ṣì ń tẹ̀. Wọ́n ní òkú là ń fi okùn wọ̀n, kí a tó gbẹ́ sàréè; wọ́n ní ẹni tó bá wọn alààyè ń pe ilẹ̀ kó wá gbà á. Àbúrò yín sì wọ̀n wọ́n lójú oorun! Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ó sin ọmọ, ó wá sin ìyá. Bí Ìyá Àgbà bá kú, ta ló kù nílé tó mọ̀ yín láti kékeré?

Ṣé kí n pariwo? Bí mo bá pariwo, Ìyá Àgbà yóò gbọ́ pé a ti wọn àwọn, ẹ̀rù nìkan yóò sì ṣe iṣẹ́ tí okùn kò tíì ṣe. Mo wá dá ọgbọ́n. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n Ìyá Àgbà ló fẹ́ fi ṣe oògùn, n ó gba ìwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, n ó fún un ní ti ẹlòmíràn.

Ẹ mọ Súlè atukọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ máa ń délé kí òun tó dé. Edé mi ló máa ń bù jẹ bó bá ti kọjá, á ní òun ń tọ́ ọ wò. Mo bá a níbi tó ti ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Mo na okùn ìko tuntun sí i láti gìgísẹ̀ dé orúnkún.

Ó la ojú kan. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá lẹ́sẹ̀ mi?"

"Kòkòrò ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ń lé e."

"Kú iṣẹ́," ló wí, ó sì tún sùn.

Mo mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n mo ní bí oògùn bá fẹ́ pa á, kó pa á díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí àbúrò yín ṣe gbé fìlà rẹ̀ kọ́ sórí ọgbà kó lè lu ilẹ̀ dáadáa, mo pààrọ̀ okùn. Kókó àkọ́kọ́, mo ta á síbi tí ó wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Kókó kejì ni mo sún lọ síbi orúnkún Súlè. Mo fi okùn ti tẹ́lẹ̀ há inú koríko òrùlé. Mo wá dúró, mo ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Súlè. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Súlè. Edé mi ló ń bù jẹ lọ.

Iṣẹ́ ńkọ́? N kò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó yọ àpótí àtijọ́ kúrò, ó fi ewé bo ìkòkò ẹnu kòtò kí yangí má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ó da yangí, ó da ìkarahun ìṣáwùrú lé e, ó da amọ̀ pupa lé e, ó sì fi igi lù ú títí ilẹ̀ fi ń dún bí àwo. Nígbà tí ilẹ̀ ga dé ibi kókó àkọ́kọ́ okùn rẹ̀, ó ga ju àmì tí omi òjò fi sára ògiri lọ. Ìkòkò àtijọ́ wá wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó kó sínú kànga. Mo rò pé yóò kàn gbé àpótí lé e bẹ́ẹ̀, kí omi máa ṣàn wọ abẹ́ ilẹ̀. Rárá. Ó lu ìdí ìkòkò tuntun, ó fi ọrùn rẹ̀ bọ ihò ìdí ti àtijọ́, ó fi èèpo àgbọn tí a pò mọ́ oje igi dí àárín wọn yíká, bí ẹ ṣe máa ń dí ara ọkọ̀ tó bá là. Ó da omi sí i, ó dẹ etí sílẹ̀. Kò jò. Inú bí mi pé kò jò.

Ó wá gé ẹsẹ̀ àpótí. Ó na okùn, ó wo okùn, ó wo pákó. Ó tún na okùn. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa ayùn.

Nígbà tó to àpótí náà tán, ó fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀, ìyá mi wọlé wá wò ó.

"Kò ga jù báyìí?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ló wí, ó sì fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

Èmi àti ìyá mi la gbé Ìyá Àgbà gun orí rẹ̀. Bàbá mi, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n ń mi dirodiro bí ti ọmọ tí wọ́n gbé ka orí odó. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ ti gbé mi gun ẹṣin! Ìlú wo ni à ń lọ?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti yé mi nígbà náà pé ẹsẹ̀ Súlè ni wọ́n gun, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. A jáde kí wọ́n lè ṣe tiwọn. Ẹ mọ̀ pé ìyá yín kò fẹ́ràn kí a máa ran àwọn lọ́wọ́ nínú ohun ìkọ̀kọ̀. Wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo igbá tó yí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn wọn, tó kéré bí ohùn ẹyẹ.

Wọ́n ti ṣubú, ọwọ́ wọn sì rọ́. Ó wú títí ó fi tó ìgbín. Wọn kò sunkún, èyí ló burú jù. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ìyá mi jáde wá bí iná. Wọ́n bá a nínú àgbàlá.

"Ojú ẹ ríran, àbí kò ríran? Arúgbó lo kàn án fún àbí igi ọ̀pẹ?"

Ìgbà yẹn ló ṣí fìlà. Ó yọ okùn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí Ìyá Àgbà má baà gbọ́ láti inú yàrá.

"Ojú èmi náà sọ pé ó ga. Ọjọ́ tí mo gbé okùn náà sí wọn lẹ́sẹ̀, ó bá a mu. Lánàá ó gùn lójú mi, mo ní ojú mi ló ń parọ́. Okùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ wo kókó rẹ̀. Ta ni èmi tí n ó fi tú ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ta?"

Ìyá mi gba okùn náà. Wọ́n wo kókó, ojú wọn sì yí padà. Kókó tí ẹ máa ń fi ọwọ́ òsì ta ni, èyí tí etí rẹ̀ méjèèjì máa ń kọjú sẹ́yìn bí etí ewúrẹ́ tó ń bínú. Kò sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní gbogbo etí ọ̀sà.

"Ọkọ mi ló ta á," ni wọ́n wí. "Ọkọ mi ló sì ṣì í wọ̀n." Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n nu ojú. "Ṣùgbọ́n òkú kò lójú mọ́, ìwọ ní. Ẹni tó rí i pé ó ga tó sì kàn án bẹ́ẹ̀, báwo ni n ó ṣe fi ṣe ọkọ? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kó tó pa wọ́n. Ọkọ̀ Ìkòròdú ń lọ lọ́la."

Wọ́n dá okùn náà padà fún un, wọ́n wọlé. Èmi àti òun ló kù nínú àgbàlá.

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, àbí? Mo ti borí. Kí ló dé tí ẹnu mi fi korò? Mo jókòó ti agbọ̀n edé mi. Ó mú okùn náà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí agbọ̀n, níbi tí mo ti fi okùn so ideri rẹ̀. Ó wo kókó ara agbọ̀n. Ó wo kókó ara okùn. Ó wo ọwọ́ mi, ọwọ́ òsì.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kókó yẹn, Bàbá. Mi ò rò ó rí pé ó ní orúkọ ẹni lára. Nígbà tí mo ń pààrọ̀ okùn, ojú mi rí kókó ti tẹ́lẹ̀, kò sì rí nǹkan kan, torí bí kókó ṣe ń rí lójú tèmi nìyẹn. Ọwọ́ mi kàn ta irú rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò yẹ okùn wò mọ́, nígbà tó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára rẹ̀?

Mo retí ariwo. Mo tilẹ̀ ti mọ ibi tí n ó sá gbà. Ó ká okùn náà, ó fi sínú fìlà, ó dé fìlà, ó mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó, ó sì wọ balùwẹ̀ lọ. Kò pe ìyá mi. Ó fẹ́ gbé ẹ̀bi náà lọ sí Ìkòròdú bí ẹrù tirẹ̀.

Láti ibí yìí, Bàbá mi, n ó máa pè wọ́n ní "wọ́n".

Mo fa okùn tòótọ́ yọ láti inú koríko òrùlé. Mo gbé e sí ojú oòrùn. Kókó yín ni, méjèèjì. Mo bá wọn nínú balùwẹ̀, wọ́n ti yọ ìṣó méjì. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tuntun, mo nà án sí wọn. Gbogbo irọ́ tí mo ti tò sílẹ̀ láti pa, kò sí ọ̀kan tó jáde. Mo sọ òótọ́ bó ṣe rí, títí dé orí Súlè.

Nígbà tí mo dé orí Súlè, èjìká wọn mì. Mo rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n?" ni mo bi wọ́n.

"Bàbá rẹ ni. Lójú oorun ni òun náà ṣe é kó tó wá bá mi, torí ó mọ ìyá rẹ̀. Ó ní kí n tún gbé e sí wọn lẹ́sẹ̀ kí n tó gé pákó, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láéláé."

"Ibà ló pa wọ́n lóòótọ́?"

"Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta ó ní kí n gbé okùn fún òun, ó tún kókó méjèèjì fà kí wọ́n le."

Mo wá bèèrè ohun tí mo ti ń fẹ́ bèèrè láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀. "Ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

Wọ́n gbé irin ọwọ́ wọn sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró omi ọ̀sà lẹ́yìn ògiri.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Bí mo bá sọ pé ó dárúkọ rẹ, irọ́ ni mo pa. Okùn nìkan ló ń sọ."

Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ mi? Ṣé ibà ni? Ṣé ẹ gbàgbé? Àbí ẹ rò pé orúkọ mi ti wà lára kókó yẹn? Mo ti bi yín ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, èyí kì í sì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ nísinsìnyí. Ẹni tó wà níwájú mi lè fi irọ́ kékeré kan tó dùn bí oyin ra ọkàn mi, láìsí ẹlẹ́rìí kankan, kò sì pa á. Èmi tí mò ń purọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo mọ bí ó ṣe ṣòro tó láti gbé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Mo lọ sọ fún ìyá mi. Wọ́n gbá mi létí débi pé mo rí Mẹ́kà láìwọ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bu oúnjẹ sínú àwo, wọ́n gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ Ìkòròdú lọ lọ́jọ́ kejì. Kò gbé ẹnikẹ́ni láti ilé wa.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ àpótí náà kúrú sí ìwọ̀n okùn yín. Èmi ni mo di okùn náà mú níwájú ayùn. Èmi náà ni mo pò oje igi tí a fi dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí wíwú ọwọ́ Ìyá Àgbà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a mú wọn wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ wo àpótí náà bí ẹni tó ń wo ẹṣin tó ti gbé e ṣubú rí. Wọ́n jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹ́ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún wọn kò ga, kò rẹlẹ̀.

Wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀ náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló wọ̀n mí?"

Ìyá mi wo ògiri. Àbúrò yín mi orí, ẹ mọ̀ wọ́n. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo wo ẹsẹ̀ ara mi.

"Ẹ máa dákẹ́ lọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ kan ṣoṣo ló láyà láti fi okùn wọ̀n mí. Ó kú iṣẹ́ o." Wọ́n wá ní kí gbogbo wa jáde, àbí a fẹ́ bá àwọn ṣe é ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi tún pè mí sí ibi tí a ti ń yan ẹja. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí, báwo ni ọkàn mi ṣe rí? Mo ní kí wọ́n fẹ́ wọn. Mo ní ọkàn mi kò balẹ̀ pátápátá, torí kò sí ọjọ́ tí ọkàn mi balẹ̀ pátápátá rí, ṣùgbọ́n ó balẹ̀ tó ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà fi kan ilẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ti sùn o. Mo ṣì ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá jí, mo ti jí. Bí ẹ bá ní ohun kan láti sọ nípa wọn tí n kò mọ̀, ẹ tètè sọ, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó gbà pé ẹ ti fọwọ́ sí i.

Okùn yín wà lọ́dọ̀ mi. Àbúrò yín fẹ́ kí a sin ín sábẹ́ àpótí, mo ní rárá, a ti sin ohun tó pọ̀ tó. Mo fi so ideri agbọ̀n edé mi. Súlè kò lè tú u. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tó ti ń gbìyànjú, tí ebi sì ń pa á.

Èmi ni, ọmọ yín ọlọ́wọ́ òsì, ẹni tí ẹ kò dárúkọ, tó sì ń pe tiyín lójoojúmọ́.